Igi Dá, Ẹyin Fọ́: Àríwísí Lórí Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “break”, nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣíwájú, irú ohun tí yóò bá ni fọ́, ṣẹ́, dá, kán, já àti bù, tí a tò tẹ̀ léra bí ẹni pé ọ̀kan lè dúró fún èkejì. Ètò yìí ni a ń bá wí. Ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ di ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Nínú Yorùbá, ohun tí ọ̀ràn bá ni ó máa ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìkòkò Ìṣàn-Èkìtì kì í já, fífọ́ ni í fọ́. Okùn ewúrẹ́ kì í fọ́, jíjá ni í já. Àdá a máa kán; òkèlè iyán, bíbù ni à ń bù ú. A kò sẹ́ pé àwọn kan súnmọ́ ara wọn, nítorí ẹ̀ka igi lè dá, ó sì lè ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wí pé okùn ṣẹ́? Àwọn àgbà ní igi kì í dá lóko kí ó pa ará ilé. Wọ́n tún ní ẹyin ni ohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Ẹ pààrọ̀ dá àti fọ́ nínú òwe méjèèjì, òwe ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ tú Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ èyí. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n lo bù fún àkàrà, wọ́n sì lo fọ́ fún wàláà òkúta tí Mósè jù sílẹ̀. Ìwé atúmọ̀-èdè R. C. Abraham ti 1958 pẹ̀lú ṣe dáradára, nítorí Yorùbá ni ó fi ṣíwájú, ó sì ń fi àpẹẹrẹ hàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré ìwé. Ẹni tí ó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdó-Èkìtì lè wí pé apá rẹ̀ dá, tàbí pé ó yẹ̀, tàbí pé ó rọ́. Bí ògbufọ̀ bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ó ti ṣi dókítà lọ́nà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó má ṣe bèèrè pé kí ni Yorùbá ń pe “break”. Kí ó bèèrè pé kí ni ó ṣe ìkòkò, kí ni ó ṣe okùn. Àwọn ọmọ yóò dá a lóhùn láìṣí ìwé.