Kí Ẹ Tó Ní Awò Yín Ti Bàjẹ́

Awò awọ̀nàjínjìn kékeré wù mí ju ńlá lọ. Èyí tí mò ń lò n'Íbàdàn, dígí inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 114 lọ, ẹnì kan lè dá gbé e bọ́ sí àgbàlá. Kí wọ́n ṣáà ti mú iná lọ ládùúgbò, kí òjò sì ti fọ ojú sánmà mọ́, iṣẹ́ yá.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiwọn máa ń gbé e wá: "Ẹ̀gbọ́n, dúdú ni mò ń rí o." Ibi tí à ń fojú sí ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Dígí tó lágbára jù ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀, torí páálí ti ṣèlérí ìlọ́po 500, 600. Irọ́ ni. Awò tó fẹ̀ tó tèmi kò lè kọjá nǹkan bí ìlọ́po 228 kí àwòrán tó dàrú. Dígí tí wọ́n kọ 25 sí lára ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìlọ́po 36 péré ló ń fún mi, síbẹ̀ òṣùpá á wọ inú rẹ̀ tán, ẹ ó sì rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà po, àwọn tí Galileo fi awò onílọ̀ọ́po bí 20 rí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1610.

Ọ̀sán ni a ti ń tọ́ awò tíńtín atọ́nà tó wà lẹ́yìn awò ńlá. Ẹ dojú awò ńlá kọ ṣóńṣó òpó ìbánisọ̀rọ̀ tó jìnnà, níbi tí oòrùn kò sí rárá, torí ẹni tó bá fi awò wo oòrùn lè fọ́jú lójú ẹsẹ̀. Bí ṣóńṣó náà bá ti wà láàárín, ẹ yí síkúrù atọ́nà títí tòun náà á fi bọ́ sáàárín.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ wá ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ṣe bàìbàì. Á fẹ̀ di òrùka tó ní ihò dúdú nínú. Ọmọdé á pariwo pé òun ti rí Sátọ̀nù! Rárá o, òjìji dígí kékeré tó wà lẹ́nu awò ni ihò yẹn. Bó bá wà láàárín gangan, dígí kékeré yẹn àti dígí ńlá inú awò kojú ara wọn dáadáa. Bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fọwọ́ kan síkúrù mẹ́ta tó wà nídìí awò, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dá ìràwọ̀ padà sáàárín, kí ẹ tún wò. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ni adájọ́. Bí ẹ bá wá ń mú kí àwòrán mọ́ kedere padà, tí òrùka náà ń sún kì títí tó fi di ojú abẹ́rẹ́, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ onírin tí wọ́n ṣe láti máa tẹ̀lé ìràwọ̀ kò bá ilẹ̀ wa mu. Ó yẹ kó dojú kọ Ìràwọ̀ Àríwá, èyí tí kò ga ju nǹkan bí dígírì 7 lọ n'Íbàdàn. Òrùlé àti igi ti bò ó. Ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí pákó tó ń yí nílẹ̀, irú èyí tí John Dobson sọ di olókìkí ní San Francisco.

Bí ẹ bá gbé awò jáde láti yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ìrì á bò ó. Ẹ má nù ún, á gbẹ.

Oore kan wà tí a ní tí ará London kò ní: Júpítà àti Sátọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gba àtàrí wa kọjá, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀ láàárín àwa àti wọn. Àgùàlà tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá ńkọ́? Nígbà tó bá ń sún mọ́ ayé, ìlọ́po 90 ti tó láti rí i pé ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Mi ò tíì pàdé ẹni tó rí i tí kò padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì.