Ọtí Pupa Ilẹ̀ Douro Lórí Tábìlì Àjàṣẹ́

Ìlú Porto ni àwọn oníṣòwò Potogí rántí nígbà tí wọ́n sọ Àjàṣẹ́ wa ní Porto-Novo, ní nǹkan bí ọdún 1752. Odò Douro ló ń gba Porto kọjá lọ sínú òkun. Ní apá òkè odò náà, ní ọdún 1756, ìjọba Potogí pààlà sí ilẹ̀ àjàrà, ó sì fi òfin dáàbò bò ó. Ọtí Douro kì í ṣe àlejò pátápátá lọ́dọ̀ wa. Èdè tí wọ́n fi ń yìn ín ni àlejò.

Ìgò tí mo tọ́ wò jẹ́ ti ọdún 2018, 14% ni agbára rẹ̀. Àjàrà mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀: Touriga Nacional, Touriga Franca àti Tinta Roriz, ó sì lo oṣù méjìlá nínú àgbá igi óákù. Ìwé ẹ̀yìn ìgò sọ fún wa pé a ó gbọ́ òórùn «mûre» àti «cassis». Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ilé ìwé láì fi ẹnu kan èso náà rí.

Lórí ahọ́n tèmi, awin ló kọ́kọ́ dé: kíkan tó ní adùn lábẹ́. Agbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa tẹ̀ lé e, ti ìhà èèpo, níbi tí oje ti ń lẹ ètè pọ̀. Nígbà tí mo gbé e mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún pọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn jẹ obì àbàtà. Kò korò tó orógbó. Èèpo àti kóró àjàrà ló ń fa ìfúnpọ̀ yìí, igi àgbá sì ń fi kún un.

Àgbá gan-an ni ẹjọ́ mi. Igi óákù tí a fi iná yan inú rẹ̀ a máa fún ọtí ní òórùn fanílà, kànáfùrù àti èéfín. Afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó ń gba ara igi wọlé a sì máa rọ ọtí náà. Àgbá tuntun lágbára. Èyí tí a ti lò lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kì í fi òórùn púpọ̀ sílẹ̀ mọ́. Nínú ìgò yìí, kànáfùrù borí èso, bí ìgbà tí ìlù bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì ni awin tó rí àyè sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún lálẹ́, kó ṣí i láàárọ̀.

Wọ́n tún ní kí a mu ọtí pupa bí ooru yàrá bá ṣe rí. Yàrá ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ń sọ! Yàrá tiwa a máa kọjá 28°C, ọtí á sì máa jóni lọ́fun bí sódàbì. Ẹ ki ìgò náà bọ omi yìnyín fún ogún ìṣẹ́jú.

Pẹ̀lú féchouada, ẹ̀wà àwọn Àgùdà, ọ̀rá ẹran tu ìfúnpọ̀ náà lójú. Pẹ̀lú ẹja àti ata rodo, ìjà ni. Bí a ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì, mo fún un ní 13 nínú 20. Igi ló gba ìyókù.