Láti Tírọ́ì dé Òwu: Arò Ẹni Tí Ogun Kó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìyìn aṣẹ́gun ni ewì ogun ayé àtijọ́ wà fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Iliad tí a ń pè ní ti Homer. Ìwé 24 ni ewì náà pín sí, ìlà rẹ̀ sì ju 15,000 lọ. Síbẹ̀ kò dé ibi tí ogun ti kó Tírọ́ì kí ó tó parí. Ìsìnkú Hector ni ó fi kásẹ̀, lẹ́yìn tí obìnrin mẹ́ta ti dárò akọni náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gíríìkì ni akéwì. Ọmọ ọ̀tá ni ó ń jẹ́ kí a sunkún fún.

Ẹnu ni irú ewì bẹ́ẹ̀ ti wá. Láàárín 1933 sí 1935, Milman Parry gba orin àwọn akọrin ilẹ̀ Yugoslavia sílẹ̀, ó sì fi hàn pé akọrin tí kò mọ̀wé lè fi gbólóhùn àjogúnbá hun ìtàn gígùn lójú agbo. Ẹni tí ó mọ ìjálá àti rárà kì yóò ṣe kàyéfì.

Ojú yìí ni ó yẹ kí a fi wo Women of Owu, eré Fẹ́mi Òṣófisan tí a kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí a sì tẹ̀ ní 2006. Eré Euripides lórí àwọn obìnrin Tírọ́ì, ti 415 ṣáájú ìbí Kristi, ni ó gbé wá sí Òwu, ìlú tí ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú fọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Òwu tó wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1834. Ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni Òṣófisan. Bí Homer ti ṣe ni òun náà ṣe: ọmọ aṣẹ́gun ń dárò ẹni tí a ṣẹ́gun.

Ọgbọ́n rẹ̀ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ Euripides, òrìṣà òkun ni ó dá sọ ìtàn ìparun. Lọ́dọ̀ Òṣófisan, Anlugbua tí ó pẹ́ dé ni ó ń bi àwọn obìnrin léèrè, àwọn ni ó sì ń ròyìn fún un. Ìtàn di ti ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí.

Àléébù kan kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Yorùbá ni àwọn obìnrin wọ̀nyí fi ń kọrin. Gẹ̀ẹ́sì ni Erelú Àfin fi ń ronú, tí ó sì fi ń jiyàn, bí ẹni pé èdè wa tó fún ẹkún ṣùgbọ́n kò tó fún àròjinlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè tí a fi ń pa òwe, tí a fi ń dá ẹjọ́, kò ṣe aláìní ohun tí ayaba lè fi bá òrìṣà wíjọ́.

Àwọn apàlọ́ àti onírárà Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ náà kàn wàyí. Ègbè àlọ́ wà nílẹ̀ láti dúró fún agbo akọrin Gíríìkì; ohùn arò kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí yóò fi ohùn Òwu sọ ìtàn Òwu gbọ́dọ̀ lè dárò òkú Ifẹ̀ àti ti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ̀sùn ni ó ń kà, kì í ṣe ewì ni ó ń ké.