Sáà Àkọ́kọ́ Líìgì WUSA

WUSA ni orúkọ líìgì bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ wáyé láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹjọ ọdún 2001. Àwọn obìnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ní orílẹ̀-èdè mìíràn kí ó tó dé, ṣùgbọ́n òun ni a kà sí àkọ́kọ́ lágbàáyé tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń gba owó iṣẹ́, tí bọ́ọ̀lù sì di iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ọdún 1999 ni ó bí i. Ènìyàn 90,185 ni ó wá wo àṣekágbá Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ní pápá Rose Bowl ní California. Lẹ́yìn èyí ni John Hendricks, olùdásílẹ̀ Discovery Channel, kó àwọn olówó ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n jọ láti náwó sí líìgì.

Ètò rẹ̀ ló yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀: Boston Breakers, New York Power, Philadelphia Charge, Washington Freedom, Carolina Courage, Atlanta Beat, San Diego Spirit àti Bay Area CyberRays. Líìgì fúnra rẹ̀ ló gba àwọn agbábọ́ọ̀lù síṣẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ogún agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ Amẹ́ríkà ni a kà mọ́ olùdásílẹ̀, a sì pín wọn káàkiri kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo má baà kó gbogbo ìràwọ̀ jọ. Àwọn àjèjì náà kò wà lójú kan: Sun Wen láti Ṣáínà lọ sí Atlanta, Hege Riise láti Norway lọ sí Carolina, Kelly Smith láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Philadelphia, Sissi láti Brazil sì lọ sí Bay Area.

Ọmọ Nàìjíríà tí ó wo ìdíje 1999 kò ní gbàgbé Sissi. Brazil ti fi góòlù mẹ́ta ṣáájú Super Falcons, àwọn ọmọbìnrin wa sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Láyé ìgbà náà, góòlù kan péré nínú àfikún àsìkò ló ń parí eré. Sissi ló gbá a wọlé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ènìyàn 34,148 péjú sí pápá RFK ní Washington fún eré àkọ́kọ́. Brandi Chastain ti CyberRays, ẹni tí ó gbá wòmí-n-gbá-sí-ọ tí ó fún Amẹ́ríkà ní ife ní Rose Bowl, ni wọ́n sọ pé ó ṣẹ Mia Hamm ti Freedom níwájú ilé. Pretinha gbá wòmí-n-gbá-sí-ọ náà, Freedom sì borí pẹ̀lú góòlù kan sí òdo. Síbẹ̀, CyberRays tí ó fìdí rẹmi yìí ló gba ife ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ní Foxboro. Òun àti Atlanta gbá ọ̀mì 3-3, wòmí-n-gbá-sí-ọ ló là wọ́n, 4-2. Lójú tèmi, pínpín tí a pín àwọn agbábọ́ọ̀lù dọ́gba ló jẹ́ kí irú èyí ṣeé ṣe. Tiffeny Milbrett ti New York, tí ó gbá góòlù 16 wọlé, ni a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ.

Owó ni kò bá eré dọ́gba. Mílíọ̀nù 40 dọ́là tí wọ́n fẹ́ ná fún ọdún márùn-ún tán láàárín sáà àkọ́kọ́ yìí. Líìgì náà kógbá sílé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, lẹ́yìn sáà tí Mercy Akide ti Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù fún San Diego Spirit.