Okùn Lattier àti Ìkánjú Àwọn Ọ̀dọ́ Oníṣẹ́-ọnà

Cocody ni Yunifásítì àkọ́kọ́ ìlú Abidjan wà. Ibẹ̀ náà ni INSAAC wà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà tí ìjọba Côte d'Ivoire dá sílẹ̀ ní 1991. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà ìlú náà, orúkọ méjì wà tí a kò lè fò dá: Christian Lattier àti Vohou-Vohou. Mo fẹ́ wí tẹnu mi lórí méjèèjì, nítorí ó dà bí ẹni pé ohun tí ó gbé wọn ga gan-an kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yìn wọ́n.

Ọdún 1925 ni a bí Lattier ní Grand-Lahou. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ ère ṣíṣe. Lẹ́yìn òmìnira ó padà sílé, ó di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Abidjan. Ní 1966, níbi àjọ̀dún àgbáyé iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní Dakar, òun ni ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù nínú ère ṣíṣe. Ó kú ní 1978. Irin àti okùn ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ gbẹ́ òkúta bí òyìnbó, òun kò sì fẹ́ gbẹ́ igi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé iṣẹ́ àwọn baba òun ni òun ń jí wò.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn alárìíwísí máa ń tún sọ, wọn a sì dúró síbẹ̀, bí ẹni pé okùn nìkan ni ọgbọ́n ọkùnrin náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó máa ń tẹ̀ ṣáájú gẹ́gẹ́ bí egungun. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa fi okùn dì í, ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí ara ère yóò fi hàn. Bí egungun bá wọ́, kò sí iye okùn tí ó lè tọ́ ọ. Okùn kì í bo àléébù. Ńṣe ni ó ń tẹ̀ lé e, tí ó sì ń tú u fó fáyé rí. Ẹni tí kò tíì wo ẹranko pẹ́ títí, kí ó mọ bí èjìká ṣe ń gbé ara ró, níbo ni yóò ti tẹ irin sí?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ọ̀nà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín: báyìí ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì ṣe to iṣẹ́ wọn. Fínfín ni ojú aláìmọ̀kan máa ń rí, ṣùgbọ́n ibi ọ̀nà lílé ni ère ti ń yè tàbí kí ó kú. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìlá Ọ̀ràngún, ti ń gbẹ́ ère láti kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí ó rí iṣẹ́ Bándélé ọmọ Aréògún ní ibi iṣẹ́ Alùfáà Kevin Carroll ní Oyè-Èkìtì, ó fi ohun tí ó mọ̀ sẹ́yìn, ó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbẹ́ igi rí. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Vohou-Vohou ti dùn mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Serge Hélénon, ará Martinique tí ó ń kọ́ni ní Abidjan, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: Youssouf Bath, Kra N'Guessan, Yacouba Touré, Théodore Koudougnon àti àwọn mìíràn. Ọ̀dà òkèèrè wọ́n. Wọ́n mú èèpo igi, iyanrìn àti àwọ̀ tí wọ́n fi ewé ṣe. Ẹ̀gàn ni orúkọ náà lákọ̀ọ́kọ́, bí ìgbà tí a bá pe iṣẹ́ ẹni ní jágbajàgba, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di orúkọ iyì. Ẹ má gbàgbé pé àwọn wọ̀nyí ti fi ọwọ́ ya àwòrán kí wọ́n tó gbé èèpo igi. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ tún lọ jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Paris. Nínú iṣẹ́ Bath, bí èèpo náà ti rí págunpàgun tó, ìlà tí ó wà lórí rẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ.

Àwọn tí ń fara wé wọn ńkọ́? Wọ́n lẹ èèpo mọ́ pákó, wọ́n da iyanrìn sí i, wọ́n sì pè é ní iṣẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Fínfín láìsí ọ̀nà lílé ni èyí. N kò sì ní fi bò pé nínú iṣẹ́ àwọn àgbà Vohou pàápàá, àwọ̀ ilẹ̀ máa ń ṣíji bo ìlà tí kò lágbára nígbà mìíràn. Àwọn alárìíwísí kò sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Nígbà tí wọ́n bá tún pàtẹ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Cocody, ì bá wù mí kí ẹni tí yóò kọ̀wé nípa rẹ̀ kọ́kọ́ bi ayàwòrán pé kí ó fi ìwé tí ó fi ń dánra wò han òun, èyí tí ó ti ya ọwọ́ kan náà tàbí ewúrẹ́ kan náà ní ogójì ìgbà, kí ó tó béèrè ohun tí èèpo igi náà túmọ̀ sí.