Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Alákọ̀ọ́sórí

Nínú ọkọ̀ láti Agbowó lọ sí Dùgbẹ̀, ètè ìyá kan ń mì wúyẹ́wúyẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹsẹ Bíbélì ló ń há sórí. Mo bọ̀wọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ gidigidi.

Láti 1884 ni odidi Bíbélì ti wà ní Yorùbá, iṣẹ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ há ẹsẹ rẹ̀ sórí, etí ló ń bá ọpọlọ ṣe é: ẹ kà á sókè, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ má ṣe kọjá síwájú títí ti àkọ́kọ́ yóò fi yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Sáàmù 119 ní ẹsẹ 176. Ẹ má tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o! Ẹsẹ méjì péré ni Sáàmù 117.

Ṣùgbọ́n olùgbọ́, ẹni tó ń gbọ́ àkọ́sórí ọmọ, ni mo fẹ́ yìn jù. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó ń fi ọ̀rọ̀ kan péré ran ọmọ létí, tí kì í jágbe mọ́ ọn. Ìyá ní Bódìjà tó ń wí pé, “O káre, ọmọ mi, tún un sọ kí n gbọ́.” Ó yẹ kí àgbà pẹ̀lú jókòó, kí ọmọ gbọ́ àkọ́sórí tirẹ̀.