Ilé Tí Wọ́n Kọ́ Yí Ọkọ̀ Ká

Bí ẹ bá dé Berlin, tí ẹ ní kí wọ́n júwe mùsíọ́mù kan fún yín, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa dárúkọ Humboldt Forum. Àárín ìlú ló wà, ó sì tóbi gan-an. Àmọ́ ẹ má tíì wọlé. Ẹ dúró síta ná, kí ẹ wo ilé yẹn dáadáa.

Ààfin àwọn ọba Prussia ló fi ojú jọ, ṣùgbọ́n ilé tuntun ni. Ogun ba ààfin gidi jẹ́, ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì sì wó o ní 1950. Àwọn náà kọ́ ilé tiwọn síbẹ̀, wọ́n tún wó ìyẹn. Wọ́n wá kọ́ ojú ààfin àtijọ́ padà, wọ́n gbé àgbélébùú ka òrùlé roboto rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì yí i ká pé kí gbogbo eékún wólẹ̀ ní orúkọ Jésù. Abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n kó ère àwọn baba ńlá ẹlòmíràn sí. Ṣé ẹ rí nǹkan?

Nínú ilé, ọkọ̀ ojú omi kan wà tó wá láti erékùṣù Luf, ní Papua New Guinea. Ó gùn tó nǹkan bíi mítà 15. Nǹkan bí 1882 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì kọlu erékùṣù náà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n jó ilé. Ní 1903, oníṣòwò Jámánì kan gba ọkọ̀ náà. Kò sẹ́nu ọ̀nà tó lè gbà á, nítorí náà ní 2018 wọ́n gbé e wọlé kí wọ́n tó dí ògiri. Wọ́n kọ́lé tán, ọkọ̀ há sínú. Èmi ò tíì rí àlàyé kankan lára ògiri mùsíọ́mù tó sọ̀rọ̀ tó ògiri yẹn fúnra rẹ̀.

Yàrá Benin sàn díẹ̀. Ní 2022, Jámánì fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni àwọn ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Ti Berlin nìkan lé ní 500. Ogún dé Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Bíi ìdá mẹ́ta kan nínú ti Berlin ṣì wà níbẹ̀, àwìn ọdún mẹ́wàá ni wọ́n pè é. Ẹni tó ń yá nǹkan lọ́wọ́ onínǹkan nísinsìnyí ni wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹ má jẹ́ ká ṣe àìmoore.

Ṣùgbọ́n mo jẹ́ ọmọ Yorùbá, mi ò lè dákẹ́ lórí ti Ifẹ̀. Leo Frobenius wá síbẹ̀ ní 1910, ó kó orí amọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba díẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì kó díẹ̀ lọ. Mùsíọ́mù Berlin kan náà ni wọ́n wà. Ìwé 2022 kò kàn wọ́n.

Bí ẹ bá lọ, yàrá ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ wo ìdí ọkọ̀, ẹ wo orí ẹ̀, kí ẹ wá bi òṣìṣẹ́ tó bá wà nítòsí pé ògiri wo ni wọ́n dí gbẹ̀yìn.